Ta ló yọ ìyá àgbà kúrò nínú ẹbí?

Ní ọjọ́ Àìkú kan báyìí, lẹ́yìn tí a jẹun ọ̀sán tán, mo bá ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, níbi tó dojú bolẹ̀ sí, tó to pẹ́ńsù aláwọ̀ oríṣiríṣi síwájú ara rẹ̀. Olùkọ́ wọn ló ní kí wọ́n ya àwòrán ẹbí wọn wá sílé ìwé. Mo bẹ̀rẹ̀ láti wò ó. Ọmọ náà gbìyànjú. Ó ya ọkùnrin gíga kan tó so táì mọ́rùn, èmi nìyẹn. Ó ya obìnrin kan tó gbé báàgì lọ́wọ́, ìyá rẹ̀ nìyẹn. Ó ya ara rẹ̀, ó ya àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Lẹ́yìn èyí ló wá ya ajá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ajá náà sì ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin èèyàn mi, a kò sin ajá rí nínú ilé wa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ajá kọ́ ló mú mi dákẹ́. Ìyá mi kò sí nínú àwòrán náà. Ìyá mi yìí ló ń wẹ̀ fún ọmọ náà ní ìdájí, òun ló ń di irun fún un, òun ló ń fún un lóúnjẹ kí èmi àti ìyá rẹ̀ tó jàjà bọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Èkó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti dolóògbé, ọmọkùnrin ọmọ ọdún mọ́kànlá tó ti ń gbé lọ́dọ̀ wa láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, òun náà kò sí níbẹ̀. Èèyàn mẹ́fà ló ń sùn nínú ilé wa lálaalẹ́. Mẹ́rin ni ọmọ yà, ó wá fi ajá dí àlàfo.

Mo bi í pé, "Ìyá àgbà ńkọ́?" Ó gbójú sókè, ó wò mí bí ìgbà tí olùkọ́ bá ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ̀wé, ó ní: "Dádì, ìyá àgbà kì í gbé inú ilé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ilé tiwọn lọ́tọ̀ ni. A kàn máa ń lọ kí wọn ni." Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Kò tilẹ̀ ronú kó tó fèsì: "Bó ṣe máa ń rí nínú tẹlifíṣàn nìyẹn."

Orí àga tó wà létí fèrèsé ni ìyá mi wà, gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ló sì ṣojú wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọdé ni, kò tíì mọ nǹkan. Ṣùgbọ́n nígbà tó di alẹ́, tí mo lọ kí wọn pé ó dàárọ̀, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ká aṣọ sínú báàgì. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti fẹ́ lọ wo ilé àwọn ní Ìkirè, pé bí èèyàn bá pẹ́ lẹ́yìn ilé rẹ̀ jù, ilé náà a máa di ti aláǹgbá. Ẹni tó bá mọ ìyá mi yóò mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ aláǹgbá ni wọ́n ń sọ.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n bá yín sọ ọ̀rọ̀ tẹlifíṣàn àwọn ọmọdé lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, kí ló kan ìwé ìròyìn níbẹ̀. Ó kàn wá gidigidi. Ẹni tí ọmọdé bá mọ̀ sí ẹbí lónìí ni yóò tọ́jú bí ó bá dàgbà. Ẹni tó bá sì mọ̀ sí àlejò, àlejò ló máa jẹ́ sí i.

Mo jókòó ti àwọn ọmọ náà fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, mo ń wo ohun tí wọ́n ń wò. Peppa Pig ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn mí. Ọdún 2004 ni ètò yìí bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹlẹ́dẹ̀ ni Peppa àti ẹbí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí èèyàn ni wọ́n ṣe ń hùwà. Bàbá wà níbẹ̀, ìyá wà níbẹ̀, Peppa ni ọmọbìnrin, George ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ìyá àgbà àti bàbá àgbà náà wà, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn wọn púpọ̀, ṣùgbọ́n ilé tiwọn lọ́tọ̀ ni wọ́n ń gbé. Wọ́n á wọ ọkọ̀ lọ kí wọn, wọ́n á ṣeré, wọ́n á tún wọ ọkọ̀ padà. Bí ọmọ mi ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe bá a.

Èkejì ni Bluey, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ọsirélíà lọ́dún 2018. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ibi tí ajá tó ń rẹ́rìn-ín ti wá, nítorí ajá ni gbogbo àwọn tó wà nínú tiwọn. Bandit ni bàbá, Chilli ni ìyá. Ọmọbìnrin méjì ni wọ́n bí: nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, Bluey jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, Bingo sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìlú Brisbane ni wọ́n ti ń ṣe é, ilé tí wọ́n sì ń yà sínú rẹ̀, irú ilé tó wà nílùú náà ni.

Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa dáadáa. N kò sọ pé àwọn tó ṣe ètò méjèèjì ṣe ohun tó burú. Ohun tí wọ́n ń rí nínú ilé wọn ni wọ́n yà fún àwọn ọmọ wọn. Aṣọ tí wọ́n dá fún ara wọn ni, ó bá wọn lára mu. Àwa la gbé e wọ ọmọ tiwa láìwọn ọmọ náà. Kódà, ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ tí n kò lè sẹ́. Bandit kì í ṣe bàbá tó ń fi ìwé ìròyìn bojú bí àwọn ọmọ bá pè é. Yóò dùbúlẹ̀ sílẹ̀, yóò jẹ́ kí wọ́n gùn ún, yóò ṣeré títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ojú tì mí nígbà tí mo rí i, nítorí èmi tí mo ń kọ ìwé ìròyìn, òun náà ni mo fi ń bojú.

Bàbá Peppa ní tiẹ̀, wọ́n máa ń fi ikùn ńlá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ohun tó bá dáwọ́ lé, yóò kọ́kọ́ fọ́nnu pé òun mọ̀ ọ́n ṣe, yóò sì bà á jẹ́, tìyàwó-tọmọ yóò wá kó ẹ̀rín bò ó. Èyí náà kì í ṣe tòyìnbó nìkan. Àwọn ọmọ wa mélòó ni kò jókòó ti àwọn òbí wọn wo Papa Ajasco tí Wálé Adénúgà ṣe? Wọn kò ṣe é fún ọmọdé, ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé ló mọ̀ ọ́n jù. Bàbá tó ń sá tẹ̀lé obìnrin kiri, tí ìyàwó rẹ̀ ń ká mọ́, ni wọ́n ń fi pa wá lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ẹ̀rín náà dùn, ṣùgbọ́n ó yẹ ká bi ara wa pé, níbo ni ọmọ ti máa rí bàbá mìíràn?

Ní ìgbà tiwa ńkọ́? Ọdún 1984 ni NTA bẹ̀rẹ̀ Tales by Moonlight, wọ́n sì ṣe é títí di ọdún 2002. Àwa tí a ti lé ní ogójì ọdún báyìí kò jẹ́ gbàgbé rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé ló ní tẹlifíṣàn nígbà náà. Bí ìrọ̀lẹ́ Àìkú bá ti tó, a ó gbé àpótí ìjókòó lọ sí ilé ẹni tó bá ní, a ó máa gbàdúrà kí NEPA má mú iná lọ. Àgbàlagbà kan yóò wà láàárín àwọn ọmọ, yóò bẹ̀rẹ̀ ìtàn, àwọn ọmọ yóò máa dá a lóhùn. Àwọn ọmọ tí wọ́n yí i ká náà kì í ṣe ọmọ inú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ẹbí ni gbogbo wọn, kò sì sẹ́ni tó béèrè. Ohun tí à ń rí ní agbo ilé wa náà ni. Ẹnìkan ní í bímọ, igba èèyàn ní í tọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, kí n má ṣe bí ẹni tó ń fi ọjọ́ àná ṣẹ̀sín òní. Àlọ́ tiwa náà kò fi gbogbo ìgbà yẹ́ ẹbí sí. Inú àlọ́ ni Ìjàpá ti ń tan Yánníbo ìyàwó rẹ̀ jẹ, tó sì ń ja àna rẹ̀ lólè. Inú àlọ́ ni orogún ti ń rán ọmọ orogún rẹ̀ lọ síbi tí kò fẹ́ kó ti bọ̀. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé àwọn àgbà kò fi pamọ́ fún ọmọdé pé ìjà ń bẹ nínú ilé, ìlara sì ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí àlọ́ bá parí, wọ́n á bi wá ní ohun tó kọ́ wa. Ohun tí kò dára níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ìyàwó bàbá inú àlọ́ ló burú. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti kú, tí ìyàwó bàbá rẹ̀ sì ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa, yóò gbọ́ irú àlọ́ bẹ́ẹ̀, yóò sì máa wo oúnjẹ tí wọ́n bù fún un tìfura-tìfura. Ọ̀nà méjì ni èèyàn fi lè ṣe ọmọdé níbi. Èèyàn lè má fi irú ilé rẹ̀ hàn án rárá, èèyàn sì lè máa fi ilé náà hàn án ní ìhà kan ṣoṣo.

Fífi òótọ́ han ọmọdé gba ọgbọ́n. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í sì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, nítorí náà, ẹ jẹ́ ká wo àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe Sesame Street, ètò tí wọ́n ti ń bá bọ̀ láti oṣù kọkànlá ọdún 1969. Ọmọlangidi ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kópa níbẹ̀. Ní 1992, wọ́n ṣe abala kan nípa ọkọ àti aya tó kọ ara wọn sílẹ̀. Àwọn òbí Snuffleupagus, ẹranko ńlá onírun kan tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn, ni wọ́n fi ṣe é. Kí wọ́n tó gbé e jáde fún gbogbo ayé, wọ́n kọ́kọ́ fi han àwọn ọmọ kéékèèké mélòó kan. Ọkàn àwọn ọmọ náà dàrú. Àwọn kan gbà pé bí bàbá àti ìyá bá ti ń jiyàn, wọ́n fẹ́ kọ ara wọn sílẹ̀ nìyẹn. Owó ti wọlé, iṣẹ́ ti parí, síbẹ̀ wọ́n ká abala náà kò, wọn kò gbé e jáde. Ó tó ogún ọdún kí wọ́n tó tún dán ọ̀rọ̀ náà wò, nígbà tí wọ́n fi Abby Cadabby, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ ti pínyà, ṣe é ní 2012. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú Alex jáde, ọmọ tí bàbá rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n.

Ẹ wo irú sùúrù bẹ́ẹ̀! Wọ́n mọ̀ pé ọmọ tí bàbá rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n náà ń wo tẹlifíṣàn, pé ó ń jókòó láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, pé kò lè sọ ọ́ jáde. Wọ́n fẹ́ kó rí ẹnìkan níbẹ̀ tó dà bíi tirẹ̀, kó má baà rò pé òun nìkan ni ayé dojú kọ.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wa rí. Ní Gúúsù Áfíríkà, lọ́dún 2002, wọ́n mú ọmọlangidi kan jáde tó ń jẹ́ Kami, ọmọ ọdún márùn-ún. Kòkòrò HIV wà lára rẹ̀, àrùn éèdì sì ti pa ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ṣe Sesame Square fún Nàìjíríà ní 2011, Kami bá wọn débí, pẹ̀lú Zobi, awakọ̀ takisí tó fẹ́ràn iṣu bí ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọmọ òrukàn dé orí tẹlifíṣàn wa, ó ń ṣeré, ó ń kọ́ ìwé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń bá a jẹ, wọ́n ń bá a mu. Àwọn àgbàlagbà kan nílùú wa kò tíì lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ní àrùn náà títí di òní.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa náà kò káwọ́ gbera. Ní 2010, Adámù Wàsírì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ l'Ábùjá gbé Bino and Fino jáde. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni àwọn méjèèjì, ìlú ńlá kan nílẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ń gbé, ọ̀dọ̀ bàbá àgbà àti ìyá àgbà wọn ni wọ́n sì wà nínú ilé kan náà. Nígbà tí mo wá a rí, mo pe ọmọ mi, mo ní kó wá wo ẹbí mìíràn. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó yíjú sí mi, ó ní, "Àwọn yìí ń gbé pẹ̀lú ìyá àgbà wọn o!" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sọ ohunkóhun mọ́, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń ronú.

Lẹ́yìn ìyẹn la wo Ìwájú, èyí tí ilé iṣẹ́ Disney àti Kugali jọ ṣe, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kejì ọdún 2024. Èkó ọjọ́ iwájú ni wọ́n yà sínú rẹ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń fò lójú ọ̀run. Tọlá ni ọmọ olówó tó ń gbé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ kò jẹ́ kí bàbá náà ráyè gbọ́ ti ọmọ. Kọ́lé ni ọ̀rẹ́ Tọlá, ọmọ tálákà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé wọn, tó sì mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ ju ọ̀pọ̀ àgbà lọ. Inú gbogbo wa dùn pé a gbọ́ orúkọ Yorùbá lẹ́nu àwọn tó ń ṣe é. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò yẹjú kúrò lára rẹ̀ rárá. Ìgbà tó parí ló rọra bi mí pé: "Dádì, ṣé Kọ́lé náà wà nínú ẹbí wọn ni?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, iṣẹ́ mi ni láti máa dá èèyàn lóhùn, ṣùgbọ́n n kò rí èsì fún ọmọ yìí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ta ló ń pọnmi nínú ilé wa? Òun ni. Ta ló ń fọ abọ́ nígbà tí àwọn yòókù bá ń wo tẹlifíṣàn? Òun ni. Bí àwa mẹ́rin bá wọ ọkọ̀ lọ sí òde ìnáwó, àwọn wo ló ń ṣọ́lé? Òun àti ìyá àgbà ni. Ní ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí ọmọ mi ń pè é ní "kọ́sìn mi" lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kí ni kọ́sìn? Kò sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú èdè wa. Ẹ̀gbọ́n ẹni ni ẹ̀gbọ́n ẹni, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì ti di ọmọ mi láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá rẹ̀. Mo bá ọmọ náà wí nígbà náà. Mo wá rí i báyìí pé ẹlòmíràn ni ó yẹ kí n bá wí.

Tẹlifíṣàn yọ ìyá àgbà kúrò nínú ẹbí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò dá a ṣe. Ohun tí ọmọ rí lójú ẹ̀rọ ló wá bá ohun tó ń rí nínú ilé wa mu, ó so méjèèjì pọ̀, ó sì yà á sórí ìwé. Bó bá jẹ́ pé gbogbo wa la jọ ń jókòó sídìí tábìlì kan, tí a jọ ń jáde, mo gbà pé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ àti ajá kò ní lè borí ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lójoojúmọ́.

Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni ẹ̀bẹ̀ mi pín sí. Èkíní ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn àti àwọn olówó tó ń fi owó wọn gbé ìdíje orin àti ijó lárugẹ. Láti ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959 tí WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ni a ti ní tẹlifíṣàn nílẹ̀ wa. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Kò yẹ kó ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti rí ilé tó dà bí ilé wọn ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ ṣe èyí tí ìyá àgbà wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣe ti ọmọ tí ìyá nìkan ń tọ́, ti ọmọ ilé olórogún, ti ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ wà lókè òkun tí wọ́n ń fi fóònù kí i, ti ọmọ tí wọ́n mú wá láti abúlé. Ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín, ẹ má sì fi oyin bò wọ́n. Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ kọ́kọ́ fi han àwọn ọmọdé, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ.

Èkejì ń lọ sọ́dọ̀ àwa òbí. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ ju tẹlifíṣàn nù. Ẹ jókòó tì í pẹ̀lú àwọn ọmọ yín, bó jẹ́ ogún ìṣẹ́jú péré. Ẹ bi wọ́n léèrè: Ìyá àgbà àwọn yìí dà? Ta ló ń ṣe oúnjẹ wọn? Bí bàbá wọn bá kú, ta ni yóò kó wọn mọ́ra? Ìbéèrè báyìí ni àwọn àgbà fi ń parí àlọ́ láyé ọjọ́un. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọmọdé nílò àgbà láti túmọ̀ ohun tó ń rí, àgbà náà sì nílò ọmọdé, nítorí bí kì í bá ṣe ti ìwé tí ọmọ mi yà, n kò bá má mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi.

Ní ilé wa, a ti pín iṣẹ́ ilé ní ọ̀tun. Ọmọbìnrin mi ń fọ abọ́ báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi tó ń dà sílẹ̀ pọ̀ ju èyí tó ń lò lọ. Ó tún àwòrán náà yà. Ó ya ìyá àgbà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí àyè fún èmi mọ́. Ẹsẹ̀ mi kan péré ló hàn létí ìwé. Ó ya ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sáàárín òun àti àbúrò rẹ̀. Ó ní òun kò ní yọ ajá, mo ní kó fi sílẹ̀.

Mo mú un fún ìyá mi. Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n ní gèlè tí ọmọ náà wé fún àwọn kò dára tó. Báàgì wọn ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, wọn kò tíì tú u. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, kí ilẹ̀ tó mọ́, mo gbọ́ tí wọ́n ń pe ọmọ náà kó wá wẹ̀.